Ọ̀rọ̀ Ilé Mitsubishi Láti Ẹnu Ará Ìjìgbò

Ẹ má bi mí pé kí ló pa ará Adó-Èkìtì pọ̀ mọ́ ọkọ̀ ojú omi. Èmi náà mọ̀ pé a kò lókun, a kò sì lọ́sà. Òkè la ní, àpáta la ní, iyán la sì ní, ìyẹn tí ìlú kankan kò lè bá wa dù. Omi tó fẹ̀ jù tí ọ̀pọ̀ wa ń rí ni ti ìsédò Ureje, kò sì sẹ́ni tó ń retí ọkọ̀ Shanghai níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í béèrè bóyá òkun wà nílùú kó tó wọlé tọ ènìyàn. Ti Mitsubishi tí mo fẹ́ sọ yìí, bọ́ọ̀sì L300 ló gbé e wọ agboolé wa ní Ìjìgbò.

Bàbá Awakọ̀ ló ni bọ́ọ̀sì náà. Adó sí Ìkéré ló ń ná. Ẹ wo bó ṣe máa ń fi àkísà nu àmì dáyámọ́ńdì mẹ́ta tó wà níwájú ọkọ̀ yẹn láràárọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ká ní òun ń rí irú ìnù bẹ́ẹ̀ ni, òun ì bá ti máa dán lóru. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ kan, ó ní ilé tí ọkọ̀ òun ti wá náà ló ń kan ọkọ̀ ojú omi, tó ṣe ọkọ̀ òfuurufú ogun, tó tún ń ṣe ẹ̀rọ tó ń mú iná mànàmáná wá. Ìyá Oníyán fi ọmọ odó sílẹ̀. Ó ní, "Alágbẹ̀dẹ kan ṣoṣo? Ọkọ́ àti àdá ńkọ́, kò rọ ìyẹn mọ́ ọn?"

Làwọn méjèèjì bá kọjú sí mi. Bí wọ́n ti máa ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á máa pè mí ní olófòófó lẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti takókó, ẹnu ọ̀nà mi ni wọ́n ń gbà. Mi ò bínú. Olófòófó tó ń wádìí kí ó tó sọ̀rọ̀ ṣọ̀wọ́n ní Ìjìgbò, ẹ ò sì lè rí méjì irú mi. Mo ní Bàbá Awakọ̀ jàre, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni kò tíì mọ̀. Mo fa àpótí mi sún mọ́ wọn.

Ẹni tó dá ilé Mitsubishi sílẹ̀, Iwasaki Yataro, kì í ṣe ọmọ olówó o. Abúlé kan nílẹ̀ Tosa ni wọ́n bí i sí ní 1835, ní erékùṣù Shikoku ní Jàpáànù. Ìdílé wọn ti jẹ́ sámúráì tẹ́lẹ̀, ìyẹn àwọn ìran jagunjagun tó ń fi idà kọ́ ìbàdí rìn, ṣùgbọ́n bàbá ńlá rẹ̀ ti ta ipò yẹn nítorí gbèsè. Ẹ gbọ́ ná: ó tà á! Kí ẹnì kan ní Adó yìí fi oyè ìdílé san gbèsè, ṣé ọmọ rẹ̀ á tún lè gba iwájú ààfin Èwì kọjá kí wọ́n má fi í ṣẹ̀fẹ̀? Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn Iwasaki. Idà ti lọ, orúkọ ló kù, oko ni wọ́n ń ro.

Lọ́jọ́ kan ni bàbá Yataro àti olórí abúlé wọn ní gbólóhùn asọ̀ níbi àsè, wọ́n sì lu bàbá náà bí ẹni lu bàrà. Yataro wà ní Edo nígbà yẹn, ìlú tó di Tokyo lónìí, ó ń kàwé. Ó gbọ́, ó fi ìwé sílẹ̀, ó padà wálé. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ dé iwájú aláṣẹ, aláṣẹ gbè sẹ́yìn olórí abúlé. Kí ni ọmọkùnrin yìí ṣe? Ó kọ ọ́ sára ògiri ọ́fíìsì aláṣẹ pé nínú ilé yìí, rìbá ni wọ́n fi ń dá ẹjọ́. Ara ògiri o, kì í ṣe inú lẹ́tà! Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Níbẹ̀ ló ti bá ẹlẹ́wọ̀n kan pàdé tó jẹ́ oníṣòwò, ìyẹn ló sì kọ́ ọ ní ìṣirò owó. Ìyá Oníyán ní ṣé ẹ̀wọ̀n yẹn ṣì wà, kí òun rán ọmọ òun tó gba òdo nínú ìṣirò lọ síbẹ̀. Mo ní kó fara balẹ̀, ìtàn kò tíì dé ibi tó dùn.

Nígbà tó jáde, ó rìn títí ó fi dé ìdí òwò ìjọba Tosa ní Nagasaki. Ní 1870 ni òwò ọkọ̀ ojú omi kan bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìjọba yẹn, kò pẹ́ tó fi di ti Yataro, nígbà tó sì di 1873, Mitsubishi ni wọ́n ń pè é. Àmì tí Bàbá Awakọ̀ ń nù láràárọ̀ yẹn, àmì ìdílé Iwasaki àti ti olúwa ilẹ̀ Tosa ni wọ́n pa pọ̀ tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ojú ìdílé olówó ni òun ń nù nígbà náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí ogún níbẹ̀ fún un.

Àwọn akọ̀wé tí Yataro gbà, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ sámúráì tí ayé ti yí mọ́ lọ́wọ́. Ẹ mọ irú wọn. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ti gun ẹṣin rí kì í fẹ́ kí oníbàárà káàárọ̀. Yataro bọ́ aṣọ ìgbéraga lọ́rùn wọn, ó ní kí wọ́n wọ aṣọ àwọn oníṣòwò. Ó gbé ìbòjú obìnrin elérèékẹ́ kan tó ń rẹ́rìn-ín kọ́ sí iwájú ilé iṣẹ́, kí gbogbo wọn lè máa rántí láti yọ eyín. Ọ̀kan nínú wọn kọ̀, ó ní òun kò lè foríbalẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ẹgbẹ́ òun. Yataro fún un ní abẹ̀bẹ̀ kan tí wọ́n ya owó wúrà sí, ó ní bó bá ti fẹ́ tẹríba, kó ṣe bí ẹni pé owó yẹn ló ń tẹríba fún. Ìtàn yìí tẹ́ Ìyá Oníyán lọ́rùn gan-an. Ó ní òun ti mọ ohun tí òun máa lẹ̀ mọ́ ògiri ilé oúnjẹ òun, nítorí ọmọ ọ̀dọ̀ kan tó ń ṣẹ́jú sí àwọn oníbàárà.

Ní 1874, ìjọba Jàpáànù fẹ́ gbé ọmọ ogun lọ sí Taiwan, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òyìnbó ní àwọn kò bá wọn dá sí i. Yataro ní òun á gbé wọn. Láti ọjọ́ náà ni ìjọba ti ń kó ọkọ̀ lé e lọ́wọ́. Ní 1877, sámúráì kan tí wọ́n ń pè ní Saigo Takamori dìtẹ̀ ní Satsuma, Mitsubishi náà ló ń kó sójà àti oúnjẹ lọ sójú ogun, owó sì wọlé wìtìwìtì. Ẹ má gbàgbé pé ọdún tí à ń wí yìí kò jìnnà sí ti ogun Kírìjì tiwa, tí Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ògèdèǹgbé kó Èkìtì Parapọ̀ jọ sójú Ìbàdàn. Bí ìbọn ti ń dún lórí òkè tiwa ló ń dún lórí òkè tiwọn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ọmọ ogun ló jèrè jù. Mo ti wá gbogbo ìwé ogun Kírìjì, mi ò rí ẹnì kan tó gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ Fábùnmi.

Kí n má tan yín, Yataro kò ní sùúrù rárá. Ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ńlá tí wọ́n ń pè ní P&O bọ́ sójú ọ̀nà Yokohama sí Shanghai ní 1876 láti bá a dù ú. Yataro gé owó ọkọ̀ rẹ̀ wálẹ̀, ó dín owó oṣù ara rẹ̀ àti ti àwọn òṣìṣẹ́ kù, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà P&O ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Àwọn tó kórìíra rẹ̀ ní Jàpáànù wá ní tirẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìjọba fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ mìíràn, Kyodo Unyu, wọ́n ní kí ó lọ bá a jà. Ẹ ò rí ìjà rí! Owó ọkọ̀ já wálẹ̀ débi tí àwọn méjèèjì fi ń gbé èrò ní àdánù, ọkọ̀ wọn ń sáré mọ́ ara wọn lójú omi, bíi ti àwọn awakọ̀ Ìkéré tí mi ò ní í dárúkọ. (Bàbá Awakọ̀ wo ilẹ̀.) Àárín ìjà yìí ni jẹjẹrẹ inú pa Yataro ní oṣù kejì 1885, ẹni àádọ́ta ọdún. Àbúrò rẹ̀, Yanosuke, ló jókòó sídìí ọ̀rọ̀. Ó rò ó, ó rí i pé bí wọ́n bá ń bá a lọ báyìí, àwọn méjèèjì ni yóò rì. Ó gbà kí wọ́n da ọkọ̀ ilé iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ ní 1885 kan náà, ibẹ̀ ni Nippon Yusen Kaisha ti jáde, èyí tó ṣì wà títí dòní. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni Èkìtì àti Ìbàdàn náà tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Àsìkò àdéhùn ni, lọ́hùn-ún àti níbí.

Ìyá Oníyán wá bi mí, ó ní tí wọ́n bá ti kó ọkọ̀ lọ, kí ló kù fún wọn nílé? Ìbéèrè àgbà ni. Ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ló kù. Ní Nagasaki ni ọgbà náà wà. Ìjọba ayé àtijọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1857 pẹ̀lú ẹnjiníà Nẹ́dálándì kan, Hendrik Hardes, kí wọ́n lè máa tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ṣe. Mitsubishi yá a lọ́wọ́ ìjọba ní 1884, ó rà á pátápátá ní 1887. Ẹni tó pàdánù ọkọ̀ di ẹni tó ń kan ọkọ̀ tà. Ní 1909, wọ́n gbé kéréènì ńlá kan wá láti Skọ́tílándì síbẹ̀ tó ń gbé 150 tọ́ọ̀nù. Mo fẹ́ kí ẹ fi kéréènì yẹn sọ́kàn, nítorí ó rí ohun púpọ̀. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ báyìí. Gbogbo ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n rà ní Ọjà Ọba lójú mi, ta ló lè fi ọ̀kan tó tó ogún ọdún hàn mí?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ èmi gan-an rèé. Ní 1938, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ ogun kan ní Nagasaki tí kò gbọ́dọ̀ sí ẹni tó mọ̀. Musashi ni wọ́n padà sọ ọ́. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 263, ó ju pápá bọ́ọ̀lù méjì tí a so pọ̀ lọ, ẹnu ìbọn rẹ̀ sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 46, èyí tí ọkọ̀ ogun ilẹ̀ mìíràn kankan kò ní. Ó dára. Báwo lẹ ṣe fẹ́ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ nínú ìlú tí òkè yí ká, tí ẹnikẹ́ni tó bá na ọrùn á máa wo èbúté? Ọ́fíìsì aṣojú Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà sì wà ní òdì kejì omi gangan!

Aṣọ ìkélé ni wọ́n ta. Mo ní aṣọ ìkélé. Okùn ni wọ́n fi hun ún, ọgọ́rọ̀ọ̀rún tọ́ọ̀nù okùn, wọ́n ta á yí ọkọ̀ náà ká látòkè délẹ̀. Wọ́n ra okùn títí tí okùn fi wọ́n lọ́jà, àwọn apẹja kò rí èyí tí wọ́n máa fi hun àwọ̀n, wọ́n ń ráhùn, wọn ò mọ ẹni tó ń kó o. Wọ́n tún kọ́ ilé ẹrù kan sójú ibi tí àwọn aṣojú òyìnbó ti lè máa yọjú. Ọlọ́pàá ń yíde kiri òkè. Ẹni tó bá dúró wo èbúté pẹ́ díẹ̀, wọ́n á béèrè ohun tó ń wò. Èmi kò lè gbé irú ìlú bẹ́ẹ̀, inú ẹ̀wọ̀n ni ẹ bá ti máa gbé iyán wá fún mi.

Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ ìyàwó kan tó gbé agboolé wa rí, tó jẹ́ pé ìgbà tó bá ti ń se ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ ló máa ń fi aṣọ dí ojú fèrèsé. Òórùn ló ń tú u fó. Àwọn ará Nagasaki náà rí bẹ́ẹ̀: kò sẹ́ni tó rí ọkọ̀, gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọkọ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n máa tì í sómi pé, ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1940, wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo ará etí omi wọlé kí wọ́n tilẹ̀kùn. Wọ́n tì í. Irin tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ já lu omi, omi ru sókè, ó ya wọ ilé àwọn ènìyàn lódì kejì, àwọn tí kò gbọ́dọ̀ mọ ohunkóhun bá ara wọn nínú omi dé orúnkún. Bí wọ́n ṣe pa àṣírí mọ́ nìyẹn.

Musashi kò tilẹ̀ pẹ́ láyé. Oṣù kẹjọ 1942 ló wọ iṣẹ́ ogun, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹwàá 1944 ni ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà rì í nílẹ̀ Fílípínì. Gbogbo okùn yẹn! Ní 2015 ni Paul Allen, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá Microsoft sílẹ̀, rí òkú rẹ̀ nísàlẹ̀ òkun, ó sì fi fídíò rẹ̀ han gbogbo ayé. Ní báyìí, ọmọ kékeré tó bá ní fóònù ní Ajílósùn lè wo ohun tí aṣojú Gẹ̀ẹ́sì kò rí wò.

Mo fẹ́ dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí èyí tó kàn kò ṣeé fi ṣàpárá. Ṣùgbọ́n Bàbá Awakọ̀ ní òun mọ̀ pé bọ́ǹbù ńlá bọ́ sí Nagasaki, ó ní kí n sọ ọ́. Mo sọ fún un nípa òṣìṣẹ́ Mitsubishi kan, Yamaguchi Tsutomu. Ayàwòrán ọkọ̀ ni, ọkọ̀ agbépo ló ń yà. Nagasaki nilé rẹ̀, ilé iṣẹ́ rán an lọ sí Hiroshima fún oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ 1945 ló yẹ kó jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tó kẹ́yìn níbẹ̀. Ó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ nígbà tí bọ́ǹbù àkọ́kọ́ bẹ́. Ó jó o lára, ó bà á létí jẹ́, kò pa á. Ó sun ibẹ̀ mọ́jú, ó wá ọkọ̀ ojú irin, ó padà sílé ní Nagasaki pẹ̀lú báńdéèjì lára.

Ọjọ́ kẹsàn-án, ó lọ síbi iṣẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: pẹ̀lú egbò, ó lọ síbi iṣẹ́! Ọ̀gá rẹ̀ ní kó ròyìn. Ó ní bọ́ǹbù kan ṣoṣo ló pa odindi ìlú rẹ́. Ọ̀gá ní ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú, ó ní ẹnjiníà ni ọ́, báwo ni bọ́ǹbù kan ṣe lè pa ìlú rẹ́? Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n wà tí ìmọ́lẹ̀ funfun gba gbogbo yàrá. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjì. Ìkejì nìyẹn. Yamaguchi tún là á já. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn tó wà lọ́wọ́ náà yè, nítorí ìyàwó ti jáde lọ wá oògùn tí wọ́n máa fi pa egbò Hiroshima fún ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin yìí gbé ayé títí di oṣù kìíní 2010, ó pé ẹni ọdún 93. Ní 2009 ni ìjọba Jàpáànù tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wà níbi bọ́ǹbù méjèèjì.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, Ìyá Oníyán béèrè ohun tí ọ̀gá yẹn sọ lẹ́yìn ìmọ́lẹ̀. Èmi náà fẹ́ mọ̀.

Kéréènì Skọ́tílándì kò wó o. Bí ogun ti parí ni Amẹ́ríkà ní ilé Mitsubishi ti lágbára jù. Wọ́n gé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ àti ẹ̀rọ náà sí mẹ́ta ní 1950, oníkálùkù pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Wọ́n ń wo ara wọn lójú fún ọdún mẹ́rìnlá, nígbà tó di 1964 wọ́n tún dà pọ̀, Mitsubishi Heavy Industries ló sì ń jẹ́ láti ìgbà náà. Ní 1970, apá tó ń ṣe mọ́tò jáde kúrò nílé, ó lọ dá dúró. Ibí yìí ni mo ti yíjú sí Bàbá Awakọ̀. Mo ní, ẹ̀gbọ́n, L300 yín kò tíì dáyé nígbà tí ìyẹn jáde. Ọmọ tó ti kúrò nílé ló bí i, kì í ṣe ilé ńlá. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Mo ní ẹ̀jẹ̀ kan náà ni lóòótọ́, torí òun náà mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pamọ́: ní 2000 ni àṣírí tú pé ilé iṣẹ́ mọ́tò yẹn ti ń fi ìráhùn àwọn oníbàárà nípa àbùkù ọkọ̀ pamọ́ fún ohun tó lé ní ogún ọdún, inú yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pààrọ̀ aṣọ ni wọ́n sì ti bá ìwé. Ojú Bàbá Awakọ̀ korò. Ó ní tòun kò ní àbùkù. Mo ní mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la ti wọ ọ́ dé Ìkéré tó gbé wa padà.

Ti iná wá ńkọ́? Ìyá Oníyán kò gbàgbé, ó ní òun ṣì ń retí ibi tí wọ́n ti ṣe iná NEPA. Ó dára. Ní Egbin, létí ọ̀sà lápá Ìkòròdú, wọ́n kọ́ ilé ìmúnáwá kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín 1985 sí 1986. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́gáwáàtì 220, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,320, ìyẹn ni ọ̀kan tó tóbi jù nínú àwọn tó ń fi gáàsì mú iná wá ní Nàìjíríà. Wọ́n ń fi gáàsì se omi, ooru omi ń yí tọ́báìnì, tọ́báìnì ń mú iná wá. Hitachi ti Jàpáànù ló ṣe àwọn tọ́báìnì náà. Ìyá Oníyán ní ẹ̀n-ẹ́n, Hitachi kì í ṣe Mitsubishi, ọwọ́ ti tẹ mi. Mo ní kó dúró: ní 2014, Hitachi àti Mitsubishi Heavy da ẹ̀ka ìmúnáwá wọn pọ̀. Wọ́n wá ní ìjà lórí ilé ìmúnáwá méjì ní Gúúsù Áfíríkà, Medupi àti Kusile, gbèsè ta ni, àdánù ta ni, wọ́n parí rẹ̀ ní 2019, Hitachi fi ìpín tirẹ̀ sílẹ̀. Láti 2020, Mitsubishi Power ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ tí Hitachi bí ti ń gbé lọ́dọ̀ Mitsubishi.

Iná Egbin ń wọ inú wáyà kan náà pẹ̀lú ti Kainji àti ti gbogbo àwọn yòókù, wọ́n sì ń ti Ọ̀ṣogbo darí rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Nígbà tó bá dé Adó, ta ló lè yà á sọ́tọ̀ pé ti Egbin nìyí? Bàbá Awakọ̀ ní òun lè yà á. Ó ní èyí tó bá lọ láìdágbére ni ti Kainji. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ti fẹ́ máa gbè sẹ́yìn ilé olówó.

Ẹ tilẹ̀ jẹ́ kí n fi ti Àkúrẹ́ há a kí n tó gbàgbé. Àwọn ọmọ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, bá yunifásítì kan ní Kyushu ṣiṣẹ́, wọ́n ṣe sátẹ́láìtì kékeré kan, NigeriaEduSat-1, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ. Ní oṣù keje 2017 ni wọ́n tú u sílẹ̀ lójú ọ̀run láti inú Kibo, yàrá Jàpáànù ní ibùdó òfuurufú ayé. Ta ló kọ́ yàrá yẹn? Mitsubishi Heavy. Ìyá Oníyán ní, "Ọ̀run náà?" Mo ní ọ̀run náà. Ọkọ́ àti àdá nìkan ni mo ṣì ń wá.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ọkọ̀ méjì tó pààrọ̀ orúkọ. Nagasaki ń kan ọkọ̀ ìgbafẹ́ méjì fún ilé iṣẹ́ Princess Cruises, ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní 115,000 tọ́ọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n ni Diamond Princess, àbúrò ni Sapphire Princess. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2002, iná ṣẹ́ yọ nínú ẹ̀gbọ́n, ó jó fún wákàtí púpọ̀. Àwọn oníbàárà sì ti sanwó fún Diamond Princess. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gba orúkọ lára ẹ̀gbọ́n, wọ́n fún àbúrò. Wọ́n tún ẹ̀gbọ́n tó jó ṣe, wọ́n fi orúkọ àbúrò pè é. Àwọn méjèèjì jáde ní 2004. Ìyá Oníyán pariwo. Ó ní ẹnì kan kì í gba orúkọ ọmọ lára ọmọ! Ó ní ṣé wọ́n bi Ifá, ṣé wọ́n tilẹ̀ bi pásítọ̀? Mo ní ilé iṣẹ́ adójútòfò nìkan ni mo rò pé wọ́n bi.

Mo wá sọ èyí tó kù fún un. Ní oṣù kejì 2020, ọkọ̀ tí wọ́n sé mọ́ Yokohama nígbà tí Kòrónà bẹ̀rẹ̀, tí ènìyàn 3,711 wà nínú rẹ̀, tí àrùn náà sì mú 712 nínú wọn, Diamond Princess ni. Èyí tó gba orúkọ olórúkọ. Èyí tó jó ń lọ ní àlàáfíà níbòmíràn. Ìyá Oníyán kò lè jókòó mọ́. Ó ní òun mọ̀! Ó lọ pe ìyàwó Bàbá Awakọ̀ wá kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Èmi kò gbà pé orúkọ ló fà á o, ibi tí èrò bá ti pọ̀ ni àrùn ń wá, ṣùgbọ́n mi ò bá wọn jiyàn. Ó ń dùn mọ́ èmi náà.

Iṣẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ló sì fẹ́ ba ilé náà jẹ́ nígbẹ̀yìn. Wọ́n gba iṣẹ́ ọkọ̀ méjì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ AIDA ti Jámánì ní 2011, wọn ò lè parí rẹ̀ lásìkò, iná kékeré ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta nínú ọ̀kan nínú wọn, AIDAprima, ní oṣù kìíní 2016, wọ́n sì pàdánù ohun tó ju 200 bílíọ̀nù owó Jàpáànù (yen) lọ lórí rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ní àwọn kò kan ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá mọ́. Ọkọ̀ òfuurufú èrò tí wọ́n ń ṣe, SpaceJet, wọ́n fagi lé e ní 2023 láìfi ẹyọ kan lé oníbàárà lọ́wọ́. Ọgbà ìkànkọ̀ ńlá wọn tó wà ní Koyagi, wọ́n ti tà á fún ilé iṣẹ́ Oshima.

Bàbá Awakọ̀ ní ṣé wọn ò wá kan ọkọ̀ mọ́ ni? Mo ní wọ́n ń kàn. Ọkọ̀ ogun ni wọ́n ń kàn ní Nagasaki. Ní oṣù kẹjọ 2025, ìjọba Ọsirélíà ní àwọn mú ọkọ̀ ogun Mogami ti Mitsubishi, mọ́kànlá ni àwọn fẹ́, mẹ́ta àkọ́kọ́ yóò sì ti Jàpáànù wá. Ọsirélíà yìí kan náà ni Jàpáànù ju bọ́ǹbù lù ní Darwin ní oṣù kejì 1942, tí ọkọ̀ òfuurufú Zero tí Mitsubishi ṣe sì wà nínú àwọn tó wá. Wọn ò ta aṣọ ìkélé kankan lọ́tẹ̀ yìí. Àwòrán rẹ̀ wà níta, wọ́n ń polówó rẹ̀.

Ìyá Oníyán ní èló ni ẹyọ kan. Mo ní owó rẹ̀ ju owó gbogbo iṣu Èkìtì lọ. Ó ní òun kò béèrè ti iṣu, ó ní nígbà tí mo ti mọ owó ọkọ̀ ogun báyìí, ó dájú pé mo mọ iye iyán tí mo ti jẹ láwìn láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Bàbá Awakọ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.